Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta Láìsí Àmì

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì

Bàbá mi,

Mo kí yín o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara ń le sí i? Ẹ ní fóònù tí mo rà ń kùn sí yín létí bí eṣinṣin inú ìgò, n kò sì ní fi tipátipá mú yín mọ́. Bírò àti bébà ni mo padà sí, bí ẹ ṣe kọ́ mi.

Iṣẹ́ pọ̀ níbí. Yàrá tí a ti ń ṣiṣẹ́ kò ní fèrèsé kankan. Aago mọ́kànlá ló wà lára ògiri, ọ̀kan fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tó fọwọ́ sí àdéhùn wa. Mẹ́fà nínú wọn ń sọ àkókò kan náà, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbà kí aago ẹlòmíràn ṣojú fún òun. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá ara wa gbé. Tẹ́lẹ̀, bí ilẹ̀ bá mì nísàlẹ̀ òkun, kálukú a fi ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ gbọ́ pamọ́ bí àṣírí ilé. Nígbà tí omi bá fi máa dìde, tí sùnámì bá fi máa débi tó ń lọ, aládùúgbò ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ní báyìí, ìjọba kan mú ẹ̀rọ tó ń léfòó lójú òkun wá, òmíràn mú sátẹ́láìtì wá, tiwa yọ̀ǹda èbúté kí wọ́n ri òpó tó ń wọn omi mọ́ ọn. Gbogbo rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ sínú yàrá wa láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwa náà á wá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù àwọn tó ń gbé létí omi.

Ìkìlọ̀ méjì la fẹ́ máa fi ránṣẹ́. Èkíní, nígbà tí ilẹ̀ ti mì ṣùgbọ́n tí a kò tíì mọ̀ bóyá omi ń bọ̀: kí wọ́n wà lójúfò. Èkejì, nígbà tó bá ti dájú: kí wọ́n sá. Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ náà. Púpọ̀ nínú ìgbìmọ̀ ní èdè àjòjì kan ṣoṣo tó. Mo ní rárá o, ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í fi èdè àlejò ronú. Wọ́n ní ó dáa, kí n gbìyànjú rẹ̀ wò, àmọ́ kí èkíní má ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ.

Bàámi, ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ náà. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: ẹ̀rọ wa kò gba àmì ohùn, kò gba àmì ìsàlẹ̀ pàápàá. Bí a bá fi sí i, àpótí kéékèèké ló máa ń hàn lójú fóònù àtijọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ bá mi gbé e lọ sétí omi kí àwọn apẹja kà á fúnra wọn. Àbúrò mi á kó wọn jọ fún yín. Ọdún kẹsàn-án rèé tí ẹ̀yin méjèèjì kò ti sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí èyí jẹ́ ìdí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kejì

Ọmọ mi àtàtà,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Inú mi dùn pé ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ kò tíì bàjẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o fi àmì tó yẹ kó wà lórí "ìdí" sílẹ̀ lójú ìwé kejì. Mo ti fi bírò pupa fi sí i.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ìlú yìí ní èdè tí wọ́n fi ń bú mi lónìí. Kò sí ìdí tí n óò fi máa wá ọ̀rọ̀ mẹ́ta kiri. Èyí èkíní rèé: Ẹ ṣọ́ òkun. Wò ó dáadáa. N kò sọ pé kí wọ́n wo òkun, nítorí ẹni tó ń woran náà ń wò. Ṣíṣọ́ ni a ń ṣọ́ ẹni tí a kò fọkàn tán. Èkejì: Ẹ sá kúrò létí omi. Kò sí aṣojú orílẹ̀-èdè kankan tó máa rí ohun bù lára rẹ̀.

Ní ti àmì, ẹni tó bá gbọ́ èdè á fi ọgbọ́n orí kà á. Ẹni tí kò bá gbọ́, kí ló fẹ́ fi àmì ṣe?

Ní ti àbúrò rẹ, mo fẹ́ kí o fi mí sílẹ̀. Mo ní kó jókòó sí kíláàsì, ó ní inú ọkọ̀ ojú omi lòun fẹ́ jókòó sí. Mo pè é ní olórí kunkun, ó lọ fi ọ̀dà funfun kọ KUNKUN sára ọkọ̀ rẹ̀, gbogbo etíkun wá ń fi pè é bí oyè. Mo mọ̀ pé mo le. Ìyá yín ń sọ ọ́ títí ó fi kú, n kò sì lè purọ́ mọ́ ọn nínú sàréè. Ṣùgbọ́n bí Kunkun bá fẹ́ rí mi, ó mọ ọ̀nà òkè.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làákàyè. Mo ti fi àmì sórí "ìdí."

Ọjọ́ mẹ́rin la fi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ mẹ́ta yín. Aṣojú kan bèèrè pé ṣé òkun ẹ̀gbẹ́ tòun náà ni ẹ ní kí wọ́n máa ṣọ́, pé ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ ológun. A rí i parí ṣá. Wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ẹni mẹ́wàá tó ń ṣiṣẹ́ létí omi kọ́kọ́ kà á, kí kálukú sọ ohun tí òun máa ṣe bó bá gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ ló wà nínú àpòòwé yìí.

Bàámi, ẹ má kà á sí wọn létí o. Bí ẹ bá fi ẹnu yín kà á, ohùn yín ti fi àmì sí i nìyẹn. Inú fóònù ni kí wọ́n ti kà á, láìsí àmì. Ọ̀gbẹ́ni tó ń bójú tó ẹ̀rọ wa, tí a ń pè ní Oníwáyà, bi mí pé, "Ṣé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó jọ ọ́?" Mo ní tísà èdè ni bàbá mi. Ó ní òun ò bèèrè iṣẹ́ bàbá mi. Mo ti wo ọ̀rọ̀ náà títí ó fi di igi lójú mi. Ojú tuntun ló kù tó lè rí i.

Fèrè ìkìlọ̀ tó yẹ kí wọ́n gbé kọ́ sí etíkun wa ṣì wà nínú àpótí rẹ̀ ní èbúté. Ìbuwọ́lùwé ìjọba kẹfà ló ń dúró dè. Títí wọn yóò fi gbé e jáde, àtẹ̀jíṣẹ́ yìí nìkan la ní.

Ọmọ yín.


Ọgbọ̀njọ́, oṣù Kẹta

Ọmọ mi,

Alàáfíà ni mo wà. Mo ti ṣe ohun tí o ní kí n ṣe. Fọ́ọ̀mù náà rèé, àwọn mẹ́wàá ti fọwọ́ sí i. Gbogbo wọn ló yé. Wọ́n ní àwọn á máa kíyè sí omi, àwọn á sì múra láti sá.

Alága àdúgbò ti kéde níbi ìpàdé pé èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ tuntun. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pàtẹ́wọ́ fún mi.

Iṣẹ́ ilé kan ń dúró dè mí, n kò lè kọ ọ́ gùn.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé. Láti ọjọ́ kejìlá ni gbogbo fóònù ìlú ti dákẹ́. Èmi ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹ̀rọ gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀, mo fi èkíní ránṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ̀rọ ojú omi jẹ́rìí sí i, mo fi èkejì ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Omi dé ní ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì. Àkókò wà, Bàámi. Mo wo aago wa lára ògiri, mo ń sọ fún ara mi pé àkókò wà.

Mo mọ̀ pé orí òkè ni ilé yín wà. Ti àbúrò mi ńkọ́?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Keje

Bàbá mi,

Mo ti gbọ́. Ìyàwó àbúrò mi rí fóònù kan yá ní ilé ìwòsàn, ó pè mí. Ẹkún ló sun jù, n kò gbọ́ ju pé Kunkun ti lọ, àti pé òun àti àwọn ọmọ ti sá gòkè. Ẹ kú ìrọ́jú. Báwo ni ọmọ ṣe ń kí bàbá rẹ̀ kú ìrọ́jú ọmọ? N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan, kí ẹ sì dá mi lóhùn. Ènìyàn mọ́kàndínlógún ló kú ní etíkun wa. Gbogbo wọn ló wà nílé nígbà tí èkíní dé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi. Kí ló dé tí ẹni tó gba ìkìlọ̀ fi máa lọ pàdé omi? Ìgbìmọ̀ ti kọ ìdáhùn tiwọn sílẹ̀: àìgbọràn àti ìwòran. Wọ́n ní àwọn apẹja ìlú wa ka ìkìlọ̀ tán, wọ́n lọ wòran òkun. Nítorí ìyẹn, wọ́n fẹ́ yọ èdè wa àti mẹ́rin míì kúrò nínú ẹ̀rọ, kó ku èdè àjòjì nìkan.

Fọ́ọ̀mù yín wà lórí tábìlì wọn. Wọ́n ní kí n wá èyí tó bá wà láàyè nínú àwọn mẹ́wàá, kí ó wá ṣàlàyé. Bàámi, àwọn mẹ́wàá yẹn dà?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹjọ

Ọmọ mi,

Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí ọ, ńṣe ni n óò máa fi ìkíni sá fún ọ̀rọ̀. Kò sí ẹni mẹ́wàá. N kò lọ sétí omi.

Mo gbìyànjú àtilọ. Mo mú ìwé rẹ dání lọ́jọ́ kan, mo dé orí àtẹ̀gùn òkúta tó sọ̀ kalẹ̀ sí etíkun. Mo rí àbúrò rẹ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ó gbójú sókè. Ó dìde, ó sì bọ́ fìlà orí rẹ̀. Mo rò ó lọ́kàn mi pé bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, a jẹ́ pé èmi ni mo kọ́kọ́ tọ̀ ọ́ lọ. Mo pẹ̀yìn dà. Ìgbà ìkẹyìn tí mo rí i láàyè nìyẹn, ó dúró, ó di fìlà mú lọ́wọ́.

Mo jókòó sídìí tábìlì. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún kọ márùn-ún, mo fi ọwọ́ òsì kọ márùn-ún. Mo tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣi lẹ́tà kan kọ kó lè dà bíi ti ẹni tí kò parí iléèwé. Èmi tí mo máa ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí pé ó yọjú wo ìwé ẹnìkejì rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta tí omi ti padà, ìyàwó rẹ̀ gun òkè wá. Iyanrìn ṣì wà nínú irun rẹ̀. Ó na fóònù ọkọ rẹ̀ sí mi. Orí fèrèsé ni ọkọ rẹ̀ máa ń gbé e sí bó bá ń lọ sídìí ọkọ̀, kí omi má bàa bà á jẹ́. Gbogbo wọn ló máa ń fi fóònù sílé, ìdí nìyẹn tí èkejì kò fi bá ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ́wọ́.

"Tísà," ó ní, "ẹ kà á."

Mo kà á. "Ẹ ṣọ́ òkun."

"Ohun tí ọkọ mi kà kọ́ nìyẹn."

"Kí ló kà?"

"Ó ní, Ẹ so okùn. Mo ní, okùn wo? Oòrùn ń ràn, ewé kan ò mì. Ó ní ṣebí bẹ́ẹ̀ ni ọ́fíìsì èbúté máa ń ránṣẹ́ tí ìjì bá ń bọ̀, pé ká so ọkọ̀ wa dáadáa. Mo ní kó jẹun ná. Ó ní, 'Ìwọ obìnrin yìí, Bàámi ló kọ èyí. Bàámi kì í ṣi ọ̀rọ̀ kọ.' Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ń ké pe àwọn aládùúgbò kí wọ́n jáde wá so okùn."

Mo wo fóònù náà. E so okun. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo fi ojú mi rí i láìsí àmì. Bọ́ àmì kúrò lára rẹ̀, kí òkun di okùn, kí ṣọ́ di so. Kíláàsì kẹta ni mo máa ń fi òkun àti okùn kọ́ bí àmì ohùn ṣe ń yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹ̀ẹ̀mẹrìnlélọ́gbọ̀n ni mo kọ ọ́ sí pátákó, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Bí mo bá ti gbé fóònù fún apẹja kan ṣoṣo pẹ́rẹ́, ì bá ti bi mí pé okùn wo.

Sọ fún ìgbìmọ̀ pé àwọn òkú wa kò ṣàìgbọràn, wọn ò sì wòran. Wọ́n ka ohun tí a kọ, wọ́n sì ṣe é. Ọmọ tí mo fi gbogbo ayé rẹ̀ pè ní olórí kunkun, ọ̀rọ̀ mi ló gbọ́ tó fi kú. Wọ́n bá okùn ọkọ̀ mẹ́rin tó so lára òpó èbúté. Ọkọ̀ ti lọ. Kókó rẹ̀ kò tú.

Fi orúkọ mi sí i. Má fi ohunkóhun bò.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Kẹjọ

Mo ka lẹ́tà yín níwájú ìgbìmọ̀, mo ń tú u sí èdè wọn ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ibi ọwọ́ òsì, Oníwáyà fi ọwọ́ bojú. Èmi ò sunkún. Mo kà á tán.

Wọ́n ti pa "àìgbọràn àti ìwòran" rẹ́ nínú ìwé wọn. Wọ́n ti gbé mi kúrò ní olórí, nítorí èmi ni mo gba fọ́ọ̀mù tí n kò yẹ̀ wò. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo mọ irú ènìyàn tí ẹ jẹ́, mo sì gbà á gbọ́ nítorí pé mo fẹ́ kí ẹ ti lọ.

Wọ́n fún èdè wa títí di ìparí oṣù Kẹwàá. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ tuntun tí ẹni mẹ́wàá tó wà láàyè ti fojú ara wọn kà, èdè àjòjì nìkan ni yóò kù. Kò sí ẹlòmíràn tí mo lè rán.

Ẹ lọ sétí omi.

Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbìyànjú láti kọ ìkíni sókè ìwé yìí. Ọwọ́ mi kò kọ ọ́.

Akọ̀wé, Ibùdó Ìkìlọ̀.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹsàn-án

Ọmọ mi,

Mo lọ. Àtẹ̀gùn yẹn jẹ́ mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. N kò kà á rí.

Àwọn ará etíkun jókòó sórí ọkọ̀ tó dojú dé. Ẹnikẹ́ni ò dìde. Àgbà atúkọ̀ kan tó pàdánù ẹ̀gbọ́n àti ọmọ ní, "Tísà, ẹ káàbọ̀ o. Ọdún mẹ́sàn-án kọ́ ni èèyàn fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn." Mo dúró, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì. Ẹnì kan tutọ́ sílẹ̀, ó dìde, ó lọ. Ìyàwó Kunkun ní, "Ẹ jẹ́ kó jókòó." Kò pè mí ní Bàámi. N kò retí rẹ̀.

Mo ti kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin sínú fóònù láti ilé. Mo gbé àkọ́kọ́ fún àgbà atúkọ̀: E kuro leti okun. Ó wò ó, ó wò mí. "Okùn yín yìí náà tún dé? Tísà, ẹ ò lè kọ nǹkan kan kí ẹ má fi okùn sí i?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. Wọ́n fọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kù náà mọ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀kan gùn jù. Ọ̀kan dà bí ìwàásù. Ìkẹyìn, wọ́n ní ẹni tó bá fi máa kà á tán, omi ti dé ọrùn rẹ̀.

Mo bèèrè pé kí la fẹ́ fi ṣe ìkìlọ̀ kìíní nígbà náà. Ìyàwó Kunkun ní, "Kí ni ti méjì sí? Àwọn tó kú, èkíní ni wọ́n gbà. Kí ẹ máa rò ó nínú yàrá yín, kí àwa máa sá ná. Bí omi ò bá wá, a ó rìn padà, a ó sì bú yín. Èébú kì í pa èèyàn." Sọ èyí fún ìgbìmọ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó tẹ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i, E fi oko sile, ó sì ń gbé e yíká. Àgbà atúkọ̀ kà á: "Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀." Obìnrin tó ń fọ àwọ̀n kà á, ó kọ hàà: "Ẹ fi ọkọ sílẹ̀? Ta ló fẹ́ kọ ọkọ rẹ̀?" Ọkùnrin tó ń gbin ẹ̀fọ́ lẹ́yìn èbúté ní oko lòun rí o, pé kí òun fi oko òun sílẹ̀. Apẹja kan fi ìkẹrin kún un, èyí tí n kò lè kọ sínú lẹ́tà sí ọmọ mi obìnrin. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rín náà dé ojú wọn.

Ara mi ti bù máṣọ. Mo ní, "Ẹ rí i? Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ mẹ́rin. Ká má tún ṣe àṣìṣe kan náà."

Ìyàwó ọmọ mi wò mí. "Tísà, èwo ló burú nínú ẹ̀? Ẹni tó ní ọkọ̀, kó fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó wà lóko, kó fi oko sílẹ̀. Èmi fi ọkọ mi sílẹ̀. Èkejì dé sórí fóònù tó fi sílé, mo ń ké pè é, ó ní òun ń bọ̀, ó ku okùn kan. Mo gbé àwọn ọmọ, mo sá. Bí mo bá dúró dè é, ta ni ì bá máa bá yín sọ̀rọ̀ níbí?"

Ẹni tó tutọ́ ti padà wá, ó sì na ọwọ́ gba fóònù. Òun ni ẹnì kẹwàá.

Ìtẹ̀ka wọn ló wà nínú àpòòwé yìí. Ojú ara mi ni mo fi rí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, n kò sì fi ọwọ́ kan fọ́ọ̀mù náà títí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ tán. N kò bẹ̀ ọ́ pé kó o kí mi. Mo kàn ń sọ fún ọ pé mo ń sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́ báyìí. Mo ń bá wọn tú okùn tó lọ́ mọ́ra.

Ohun tí wọ́n ní kó o fi sínú ẹ̀rọ rèé. Kò ní àmì, má ṣe fi sí i:

E FI OKO SILE. E SA LO SOKE.

Bí ìgbìmọ̀ bá bi ọ́ pé oko wo, sọ fún wọn pé gbogbo rẹ̀ ni.